Ẹ̀tẹ̀ Tí Kò Sí Lára Hilux

Àwọn àgbà ní a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Bí wọ́n bá ya ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì lónìí, wọn yóò yí òwe náà po. Làpálàpá ló sábà máa ń ṣe Hilux tó ti dàgbà. Ẹ̀tẹ̀ ni àwa ń ra oògùn sí. A ó yọ ọ́ nínú rìfáàsì sí jíà kìn-ín-ní, abẹ́ ọkọ̀ á dún "gbà!", ẹnìkan á sì ti dájọ́ ikú fún jíàbọ́ọ̀sì. Ó di ọjà Ládípọ̀, a ra tòkunbọ̀, wọ́n so ó mọ́ ọn, ọkọ̀ tún dún "gbà!" bíi ti àná. Wọ́n á wá ní dífúrẹ́ńṣà ló kù.

Bẹ́ẹ̀, agbára ẹ́ńjìnnì kì í fò dé táyà. Ó ń ti jíàbọ́ọ̀sì bọ́ sí pùròpẹ́là, ọ̀pá gígùn abẹ́ ọkọ̀, àwọn kírọ́ọ̀sì tó jẹ́ oríkèé rẹ̀ ń gbà á fún ara wọn, ó wọ dífúrẹ́ńṣà, ó gba ásìlì jáde. Oríkèé kọ̀ọ̀kan ní àyè díẹ̀ tirẹ̀, àròpọ̀ wọn ló ń dún. Ìdí nìyí tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ní oríkèé-oríkèé. Kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí a fi òkúta há táyà níwá-lẹ́yìn, kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a fi í sí jíà kìn-ín-ní, kí a wá wọ abẹ́ rẹ̀, ká fọwọ́ yí pùròpẹ́là síwá-sẹ́yìn. Bí apá kan kírọ́ọ̀sì bá yí kí èkejì tó dáhùn, òun ló ti jẹ. Ìyẹ̀fun ìpẹtà tó yí ìdérí rẹ̀ ká á máa jẹ́rìí pé gíríìsì ti tán. Bí ọ̀pá tó wọ dífúrẹ́ńṣà bá ń gbéra sókè-sílẹ̀, bíárìn ló lọ. Bí ó bá kàn yí díẹ̀ kó tó kan, kò ní kí a sá: eyín jíà tí kò ní àyè rárá kò ní jẹ́ kí òróró ráàyè, wọ́n á gbóná, wọ́n á jẹ ara wọn. Pùròpẹ́là sì máa ń yí bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kí táyà tó yí ẹ̀ẹ̀kan, nítorí náà ohun tó jọ àyè ńlá lọ́wọ́ wa kéré gan-an ní ìdí táyà.

Ẹnìkan á ní etí ọ̀gá mẹkáníìkì ti tó. Ọdún pọ̀ tó ti ń gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irin ń gbé ohùn kiri, sítì ẹ́ńjìnnì tó já àti rọ́bà ìdí sípíríǹgì tó ti jẹ sì máa ń dún bákan náà. Ẹlòmíràn á mú kọ̀ǹpútà wá. Kọ̀ǹpútà ń ka ohun tí wáyà bá sọ fún un. Kò sí wáyà kankan nínú kírọ́ọ̀sì. Ẹnìkẹta á ní ọkọ̀ ti gbó, gbogbo rẹ̀ ni kí a pààrọ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tó ń fi ìhòòhò hàn ni ká wá. Òótọ́ ni pé ẹ̀tẹ̀ máa ń ṣe ọkọ̀ nígbà mìíràn: dífúrẹ́ńṣà tó ń hu bí eré ṣe ń pọ̀ sí i, tí èérún irin wà nínú òróró rẹ̀, nílò iṣẹ́ ńlá. Làpálàpá tí a kò tọ́jú náà ń di ẹ̀tẹ̀, nítorí kírọ́ọ̀sì tó bá já lórí eré lè ju pùròpẹ́là sílẹ̀.

Kí ló wá dé tí àṣìṣe pípààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́ yìí kò fi tán? Àwa tí a ni ọkọ̀ ló fà á. A ó fi ayọ̀ san owó irin tí a fojú rí, ṣùgbọ́n bí mẹkáníìkì bá béèrè owó wákàtí kan tó fi yẹ ọkọ̀ wò, a ó ní kí ló ṣe. Ebi kò mọ ìwà, òun náà á ta irin fún wa. Ẹ san owó àyẹ̀wò náà. Bí ọ̀gá bá jáde lábẹ́ ọkọ̀ tí kò lè fi ọwọ́ hàn yín ibi tó ń mì, ẹ má tíì ra nǹkan kan.