Ẹjọ́ Basi Dé Festac

Àwọn àgbà àdúgbò wa ní Festac kó àròkọ jọ lórí Basi and Company, eré Ken Saro-Wiwa tí NTA gbé jáde láti 1986 sí 1990. Ìwé fótòkọ́pì lásán ni, àmọ́ ó dùn jọjọ. Onílé kan ní Amúwò gbèjà Madam, onílé Basi nínú eré náà: owó ilé rẹ̀ ṣá ló ń béèrè lọ́wọ́ Basi, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà níbẹ̀? Ayálégbé onílé yìí fèsì lójú ewé kejì: Basi kì í ṣe onígbèsè, mílíọ̀nù rẹ̀ ló ṣì ń bọ̀ lọ́nà. (Èmi ò rò pé eré ni wọ́n ń sọ mọ́.) Ẹlòmíì ní bí Basi bá gbé ní Festac lọ́dún 1977 ni, ìbá ti ta ilé kan fún ẹni mẹ́ta. Ìwé náà ti ń tà. Àwìn layálégbé gba tirẹ̀.