Lẹ́tà sí Ọ̀gá Onífíríìjì Wa ní Ore

Ọ̀gá wa,

Gbogbo ẹni tó ń ta mínírà tútù fún èrò ọkọ̀ Èkó àti Bìní ní Ore ló mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń bá wọn mú ọjà tutù. A ò jiyàn ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu yín nígbà tí rédíò ń sọ̀rọ̀ yìnyín òkun ni mo bá wá: "Kí ló kan ará Ore níbẹ̀?"

Ọ̀gá, ọwọ́ yín wà níbẹ̀ ju tèmi lọ.

Ẹ rántí R12, gáàsì fíríìjì àtijọ́? Bí fíríìjì tòkunbọ̀ bá dé, ẹ ó gé páìpù, a ó gbọ́ "ṣííí", ẹ ó sì máa súfèé lọ. Gáàsì yẹn kò sí láyé àfìgbà tí ọmọ èèyàn ṣe é ní nǹkan bí 1930. Atẹ́gùn a gbé e káàkiri ayé, bó sì ṣe ń pọ̀ sí i nínú afẹ́fẹ́ lọ́dọọdún wà lákọsílẹ̀. Lẹ́bàá Greenland, nígbà òtútù, omi òkun a mu nínú rẹ̀, a tutù, a wúwo, a sì rì. Lẹ́bàá Antarctica, omi tó ń di yìnyín a tu iyọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Omi tó bá gba iyọ̀ náà a wúwo sí i, òun náà a wọlẹ̀. Ìwọ̀n gáàsì tí àwọn onímọ̀ bá bá nínú omi ni wọ́n fi ń ṣírò ìgbà tó ti kúrò lójú òkun.

Ní 1985, onímọ̀ òkun Ray Weiss àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn bá gáàsì fíríìjì ní nǹkan bíi mítà 1,700 nísàlẹ̀ Atlantic, lágbedeméjì ayé, ó ń forí lé ìlà-oòrùn, ọ̀dọ̀ tiwa níbí. Ẹ má gbéraga o, ti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Àwọn onímọ̀ Jámánì náà tú gáàsì mìíràn sínú òkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 2008, àmọ́ wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì tọpa rẹ̀ ju ọdún méjì lọ. Tiyín ńkọ́, ta ló wọ̀n ọ́n? Ẹ má tilẹ̀ dábàá pé ẹ fẹ́ bá àwọn onímọ̀ wọkọ̀ òkun: bí fíríìjì inú ọkọ̀ bá jò díẹ̀, omi tí wọ́n fà láti inú òkun fún àyẹ̀wò ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ ó ní wọ́n ti fòfin de R12 láti 2010, R134a lẹ ń lò báyìí. Òótọ́ ni, kì í ba ozone ojú ọ̀run jẹ́. Àmọ́ ó ń mú ayé gbóná, yìnyín tí ẹ ní kò kàn yín sì ń yọ́. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń fa gáàsì padà sínú sílíńdà, ẹ ó sì tún un lò. Bí ẹ bá wá fẹ́ gba owó fífà, kí ẹ tún gba owó rírọ, a ó jọ dúnàádúrà.

Èmi ni,
Oníbàárà yín tí fíríìjì rẹ̀ ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù yín.