Ìyẹ́ Orí Akoto Gómìnà

Nígbà tí ọ̀dá owó tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1929 dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ kòkó ní ẹkùn Oǹdó, níbi tí Orè àti Odígbó wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, owó kòkó já wálẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹ́ tó wà lórí akoto gómìnà kò já. Donald Cameron, gómìnà Nàìjíríà láti ọdún 1931 sí 1935, jìnnà sí igbó Odígbó púpọ̀. Nítorí náà, ní Ọjọ́ Ilẹ̀-Ọba, ìyẹn ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún tí wọ́n fi ń yin ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ajẹ́lẹ̀ tó ń ṣojú rẹ̀ ni yóò dúró gba ìkíni àwọn ọmọ iléèwé tó ń yan kọjá nínú oòrùn, nígbà tí ó ṣeé ṣe kí bàbá wọn ṣì máa wá owó orí.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1976, ti mú gómìnà sún mọ́ ilé, síbẹ̀ iṣẹ́ ayẹyẹ kò dín kù: òun ló ń fún ọba ní ọ̀pá àṣẹ, òun náà ló ń fi àlùmọ́gàjí gé rìbọ́ọ̀nù, ìyẹn aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń dí ọ̀nà kí wọ́n lè rí ohun tí wọn yóò ṣí. Ní Orè, níbi tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Benin gbà kọjá, ìjọba Rótìmí Akeredolu, gómìnà ìpínlẹ̀ náà nígbà kan, kọ́ afárá olókè, ẹni tó bá sì mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ oríta yẹn kò ní bínú sí rìbọ́ọ̀nù kankan. Ohun tó kàn ń pani lẹ́rìn-ín ni pé, bí gómìnà bá ń bọ̀ wá ṣí ọ̀nà fún aráàlú, ọ̀nà náà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dí mọ́ wọn.