Ilẹ̀ Tó Ń Dán, Ẹsẹ̀ Tó Ń Lẹ̀ Mọ́ Ọn

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹni tó pa òwe yìí kò dé pálọ̀ onílé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ọ̀dà epoxy sílẹ̀ lálẹ́ àná. Ká ní ó débẹ̀ ni, ì bá tún apá kejì òwe náà pa. Ilẹ̀ tí onílé yìí fagbára mú kọ̀, kò le. Ó ń lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, sálúbàtà àlejò kan ti há síbẹ̀, aáyán méjì sì ti kú sí àárín òkun aláwọ̀ búlúù tí onílé fẹ́ fi ṣe fáàrí.

Fídíò ló kó bá a. Láàárín ìṣẹ́jú kan péré lórí fóònù, ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun da nǹkan olómi sílẹ̀, ó fi irin eléyín tẹ́ ẹ káàkiri, ilẹ̀ sì ń dán títí ènìyàn fi lè rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ àga, omi ń ṣàn lẹ́bàá tẹlifíṣọ̀n. Ní Amẹ́ríkà, àwọn mìíràn ń ya bébà tí wọ́n fi ń di ọjà, wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú gúlúù tí wọ́n fi omi là, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń kun fáníìṣì lé e lórí léraléra. Àwọn kan ń to owó ẹyọ sẹ́ńtì kan kan síbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ṣeé ṣe, ó sì lè rẹwà. Àmọ́ fídíò ti gé àwọn ọjọ́ tó wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí kúrò, àwọn ọjọ́ wọ̀nyí gan-an sì ni iṣẹ́ náà.

Kò sẹ́ni tó ní kí ènìyàn má ṣe ilẹ̀ ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Ìtàn ẹnu Ilé-Ifẹ̀ sọ pé Ọọ̀ni Lúwòó, obìnrin tó jọba níbẹ̀, ló ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ ìlú. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Frank Willett bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀ Ìta Yemòó nílùú náà lọ́dún 1957, àpáàdì tí wọ́n to ní ìdúró, etí sókè, ṣì wà ní ipò rẹ̀ lẹ́yìn ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Thomas Jefferson, ààrẹ kẹta Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n kun ilẹ̀ gbọ̀ngàn àbáwọlé ilé rẹ̀ ní Monticello ní àwọ̀ ewéko. Ayàwòrán Gilbert Stuart ló dá a lábàá. Àwọn ìyá wa náà ń lu ilẹ̀ títí yóò fi ki, wọ́n ń fi ìgbẹ́ màlúù tí wọ́n pò mọ́ omi pa á, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn yóò tún un pa láìpẹ́.

Àpáàdì nípọn ní tirẹ̀. Ọ̀dà epoxy inú páálí tí wọ́n ń tà fún onílé, bó bá gbẹ tán, kì í sábà nípọn ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Simẹ́ńtì tó wà lábẹ́ ló máa sọ bóyá yóò dúró.

Simẹ́ńtì kì í sì í kánjú. Kọnkéré tuntun ń fẹ́ bí ọjọ́ 28 kí ẹnikẹ́ni tó kùn ún. Èyí tó ti pẹ́ náà ní àyẹ̀wò tirẹ̀: kí onílé gé ọ̀rá tó fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 45 níhà kọ̀ọ̀kan, kó lẹ etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ mọ́lẹ̀ pinpin, kó fi í sílẹ̀ fún wákàtí 16, ó kéré tán. Bí omi bá sẹ̀ sábẹ́ ọ̀rá, ọ̀rinrin ń ti inú ilẹ̀ gòkè bọ̀, yóò sì ṣí ọ̀dà kúrò. Ní apá Lekki àti Ajah ní Èkó, níbi tí wọ́n ti fi yanrìn dí àbàtà kí wọ́n tó kọ́lé, ọ̀rá yìí kì í ṣe ohun àfojúdi. Ilẹ̀ tí wọ́n sì ti fi pọ́líìṣì pupa pa láti ọdún gbọ́nhan kò ní gba ọ̀dà mọ́ra àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ ha á. Ṣùgbọ́n onílé wa kò ní wákàtí 16. Àwọn àna rẹ̀ ń bọ̀ wá ṣe Kérésì.

Inú agolo méjì ni epoxy ń gbé: rẹ́sìnì wà nínú ọ̀kan, ohun tí yóò mú un le wà nínú èkejì. Wọ́n kọ ìwọ̀n wọn sára agolo. Onílé wa rò pé bí òun bá bu èkejì kọjá ìwọ̀n, yóò tètè gbẹ. Irọ́ ni. Èyí tó bá ṣẹ́kù kò ní rí rẹ́sìnì tí yóò so mọ́, ilẹ̀ yóò sì máa rọ̀. Ó po gbogbo ohun tó kù pọ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ó lọ dáhùn ìpè lórí fóònù. Àpòpọ̀ yìí máa ń mú ooru jáde. Bó bá pọ̀ lójú kan, ooru náà ń le sí i ni. Kó tó padà dé, bọ́kẹ́ẹ̀tì ti ń rú èéfín, ohun inú rẹ̀ sì ti gan. Níbẹ̀ nìkan ni ohun tó fagbára mú ti le koko.

Ojú ọjọ́ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àwọn tó ń ṣe epoxy kì í sábà fẹ́ kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ kọjá ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó ṣòro ní Èkó lásìkò òjò. Lásìkò ọyẹ́, eruku Sàhárà gba ojú fèrèsé wọlé, ó bà sórí òkun búlúù. Ni onílé bá ti gbogbo fèrèsé pa, ó fi ìbòmú tó ṣẹ́kù láti ìgbà Kòrónà bo imú. Ìbòmú yẹn lè dá eruku díẹ̀ dúró, kò lè dá èéfín kẹ́míkà dúró. Ọwọ́ lásán ló tún fi nu èyí tó ta sí i lára, bẹ́ẹ̀ epoxy tútù wà lára ohun tí awọ ara lè kọ̀: bó bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìgbàkigbà tó bá tún kàn án ló lè máa yún un.

Pẹ́ńtà àdúgbò, tí onílé ti kọ̀ láti gbéṣẹ́ fún, yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

“Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ fi yanrìn díẹ̀ sí i kó má baà máa yọ̀?”

“Yanrìn kẹ̀? Dídán ni mo fẹ́.”

“Kò burú, sà. Ṣé Màmá náà ń bọ̀ fọ́dún?”

Onílé kò dáhùn. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé àga padà, ẹsẹ̀ àga sì rì, nítorí pé ọ̀pọ̀ epoxy ń fẹ́ bí ọjọ́ méje kó tó le tán. Láti bo àṣírí, ó ra rọ́ọ̀gì tó ní rọ́bà lábẹ́, ó tẹ́ ẹ lé ọ̀dà tí kò tíì gbẹ. Lẹ́yìn ọdún, ìyàwó rẹ̀ fẹ́ gbọn eruku rọ́ọ̀gì náà, ó fà á títí, kò wá. Wọ́n ránṣẹ́ pe pẹ́ńtà. Ó dé pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ha ilẹ̀, ó wo pálọ̀ yí ká, ó sì ní owó iṣẹ́ òun ti di méjì báyìí: ọ̀kan fún híha, ọ̀kan fún kíkùn.