Ìjàpá Di Àkódà

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, nígbà tí ó dé fìlà pupa.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1918 ni, lẹ́yìn tí àwọn Ẹ̀gbá hú irin rélùwéè nítorí owó orí, tí ṣọ́jà fi ìbọn dá wọn lóhùn. Ìlú àwọn ẹranko wà nínú igbó lẹ́yìn Wáṣìmi. Ewúrẹ́ ń gbé ibẹ̀, ó ń sin adìyẹ. Ẹ má bi mí bí ewúrẹ́ ṣe ń sin adìyẹ. Nílẹ̀ Ẹ̀gbá ìgbà náà, obìnrin ń san owó orí tirẹ̀ lọ́tọ̀; ó gbọ́dọ̀ rí nǹkan tà.

Ajá ni ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú lóru. Bó bá mú olè, wọn á gbé ohun tó jí kọ́ ọ lọ́rùn, àwọn ọmọdé á máa lu agolo tẹ̀lé e yí ọjà ká. Ìtìjú yẹn ń dun Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ju ẹgba lọ.

Àfi bí Lékeléke, àlejò funfun, ṣe fò dé láti òkè òkun tó sì di ajẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọdé na ìka sí i pé kó fún àwọn ní èékánná funfun; ìwé owó orí ló fún àwọn ìyá wọn. Ó ní Ajá kò lórúkọ nínú ìwé òun. Ìjàpá nìkan ló mọ bí a ṣe ń wí pé "Yẹ́sà!", òun ló sì fi jẹ àkódà. Ó fún un ní fìlà pupa, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, àti owó oṣù tí kò tó ra iyọ̀. Ẹni tó fún èèyàn ní ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ láìfún un lóúnjẹ, ṣé kò mọ ibi tí yóò ti jẹun ni?

Kò pẹ́, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gbé àgbébọ̀ Ewúrẹ́. Ewúrẹ́ sáré dé bárékè.

"Bàbá Àkódà, wọ́n ti gbé adìyẹ mi!"

"Ìyá, owó ìwé dà?"

Ó san tọ́rọ́.

"Owó ẹsẹ̀ ńkọ́? Ẹ ṣáà mọ bí ẹsẹ̀ mi ṣe kúrú tó."

Ó san sísì.

Ká má purọ́ mọ́ Ìjàpá, ó mú olè. Ó bá Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ pẹ̀lú adìyẹ náà láàyè. Ewúrẹ́ nawọ́ láti gbà á, Ìjàpá fà á sẹ́yìn.

"Háà, Ìyá! Èyí kì í ṣe adìyẹ mọ́. Ẹ̀rí ni. Ọ̀dọ̀ ìjọba ni ẹ̀rí ń sùn. Ẹ máa gbé àgbàdo rẹ̀ wá láràárọ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kóòtù sún ẹjọ́ síwájú. Àgbàdo ń lọ sí bárékè, èéfín ń rú nílé ìdáná Yánníbo. Ewúrẹ́ bá forin sẹ́nu. Ẹ bá mi gbè é:

Àgbébọ̀ mi dà, Àkódà?
— Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ń dún.
Àgbàdo wọlé, kò jáde,
— Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ń dún.
Olè ò tí ì rí i jẹ,
— Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ń dún.
Ta ló wá ń fọ́ eegun?
— Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ń dún.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Lékeléke ní kí wọ́n gbé ẹ̀rí wá. Ìjàpá ṣí agbọ̀n: ìyẹ́ ló kù níbẹ̀.

"Ẹ̀rí kú sẹ́nu iṣẹ́ ọba, sà."

Kò sí ẹ̀rí, kò sí olè. Lékeléke dá Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sílẹ̀, ó sì bu ṣílè márùn-ún lé Ewúrẹ́ pé ó fẹ̀sùn èké kan ọmọlúàbí. Ewúrẹ́ kò lówó lọ́wọ́. Àkùkọ rẹ̀ ló fi dí i. Ìjàpá ló gbé àkùkọ náà lọ sílé, "kó má baà sọnù."

Ta ni yóò tún fẹjọ́ sùn? Bí adìyẹ bá sọnù, olówó rẹ̀ á ṣa ìyẹ́ tó já sílẹ̀ pamọ́, kí Àkódà má baà rí i. Bí Ìjàpá bá béèrè, wọn á ní, "Adìyẹ wo? A ò sin adìyẹ rí, Bàbá Àkódà."

Lékeléke ṣí ìwé ẹ̀sùn ọdún náà, kò rí ẹyọ kan. Inú rẹ̀ dùn dé ìyẹ́ ìdí. Ó kọ̀wé sí Èkó pé olè ti tán ní agbègbè òun, kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun gba àkódà kejì, kí àlàáfíà náà lè tọ́jọ́. Èkó gbà.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló wá tọrọ iṣẹ́ náà. Lékeléke yẹ ìwé wò, kò rí ẹ̀bi kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn Ewúrẹ́. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló dúró nínú oòrùn, fìlà pupa lórí. Kò fo ọgbà mọ́.

"Ìyá," ó ní, "mo wá ka adìyẹ. Owó ẹsẹ̀ mi dà?"