Ra Márùn-ún, Gba Ìkẹfà

Bí wọ́n bá kọ "ọ̀fẹ́" sí ẹnu ihò ejò, n ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ wò. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, Amazon kéde tábúlẹ́ẹ̀tì Fire kékeré kan ní dọ́là 49.99. Gbogbo ilé á fi wo fíìmù, wọ́n á fi kàwé, àwọn ọmọ á fi ta géèmù. Èyí tó wá pa mí níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ra márùn-ún, wọ́n á fi ìkẹfà ta á lọ́rẹ. Ọmọ méjì péré ni mo bí. Àbúrò mi tó wà ní Houston bẹ̀ mí: "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ n ra ẹyọ kan ránṣẹ́ ná." Mo ní kó má bá mi fi ọ̀fẹ́ ṣòfò.

Kí ẹrù tó dé, mo ti fọ́nnu yíká àdúgbò pé sinimá ń bọ̀ ní pálọ̀ wa. Mo tilẹ̀ ti kan ìṣó ńlá mọ́ ògiri dè é. Ìgbà tí mo já páálí ni mo tó rí i pé íǹṣì méje tí wọ́n ń wí, láti igun dé igun ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, àti pé ìṣó mi gùn ju bí ẹ̀rọ náà ṣe nípọn lọ.

Mo wá Play Store títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo pe àbúrò mi lóru pé wọ́n ti tú nǹkan kan lára ọjà náà. Ó là mí lóye pé orí Android ni wọ́n kọ́ Fire OS lé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìsọ̀ Amazon fúnra wọn ló wà níbẹ̀. Ìpolówó tó ń yọjú nígbàkígbà tí mo bá tàn án ńkọ́? Ara ohun tó mú owó rẹ̀ wálẹ̀ ni. Ẹni tó bá fi dọ́là 15 lé e, wọ́n á yọ ọ́. Èmi ti ń tẹ̀ ẹ́ tìdùnnú-tìdùnnú, mo ṣebí mo jẹ ẹ̀bùn ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ PIN. Àyè ọmọdé wà lórí rẹ̀: òbí á yan ohun tí ọmọ lè wò, á dá wákàtí fún un, tí àkókò bá ti tó, ó parí nìyẹn, àfi kí òbí tẹ PIN. Mo yan PIN tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Èmi náà ò sì mọ̀ ọ́n mọ́.

Ọjọ́ tí ìyá ìyàwó mi dé láti Ìjẹ̀bú-Igbó, mo ní, "Màmá, ẹ jókòó, ẹ wá wo Ṣaworoidẹ." Àyè ọmọdé ni mo bá a, àkókò sì ti tán. Mo tẹ ọdún ìbí mi, ó kọ̀. Mo tẹ ọdún tí a ṣègbéyàwó, ó kọ̀. Ìyàwó mi na ọrùn wò ó. "Ọdún wo lẹ tẹ̀ yẹn? Ta lẹ gbé níyàwó lọ́dún yẹn?" Òógùn bò mí. Mo ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá títí ó fi bi mí bóyá kí òun nu gbogbo ohun tó wà nínú òun nù. Mo na ìka.

"Dádì, ẹ má tẹ̀ ẹ́!" Àbígbẹ̀yìn mi já a gbà, ó dá a padà sẹ́yìn, ó tẹ nọ́ńbà mẹ́rin, ilẹ̀kùn ṣí.

"Ta ló sọ ọ́ fún ọ?"

"Ẹ máa ń kà á síta tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́."

Màmá rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú. Fíìmù Túndé Kèlání bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tábúlẹ́ẹ̀tì ò ní ohun tí a lè gbé e tì. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà níwájú wọn, mo nà án sókè bí ẹni ń gbé àwo ọrẹ, apá sì ń gbọ̀n.

"Dádì wọn," Màmá ní, "ẹ gbé e sókè díẹ̀. Mi ò rí ọba mọ́."