Apirọrọ Tí Ń Jẹun

Àwọn àgbà tí ojú wọn ti rí, tí etí wọn sì ti gbọ́, ni wọ́n sọ pé ẹni tí ó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Ẹni tí wọ́n sì ń bá wí nígbà náà ni ọmọ tí ó di ojú nítorí pé wọ́n fẹ́ rán an lódò, tàbí àlejò tí ó ń han-anrun àrékérekè nígbà tí ó gbọ́ pé wọ́n ń dá owó oúnjẹ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwa ọmọ Ìyèrú Ọ̀kín, ọmọ Ọlálọ́mi, yóò fi owó ara wa ra apirọrọ wọlé, tí a óò gbé e sórí tábìlì, tí a óò sì máa bọ́ ọ tọ̀sán-tòru.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan nínú àwọn aláfẹ́ rédíò, kí a fi í sí ẹ̀bá ojú irin ní Ọ̀fà, kí a má sì dárúkọ rẹ̀, kí ìyàwó rẹ̀ má baà mọ ibi tí owó iná ń gbà lọ. Rédíò tirẹ̀ kì í ṣe èyí tí a fi ń gbọ́ ìròyìn. Ìjọba ni ó fún un ní ìwé àṣẹ àti àmì ìpè tí 5N ṣíwájú, ó sì ń fi í bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brazil àti Jámánì sọ̀rọ̀ láìsan kọ́bọ̀ fún onífóònù kankan. Ohun tí ó fi ń yangàn ni pé wáátì 5 péré ni òun fi ń ṣe é, iná tí kò tó èyí tí gílóòbù àtijọ́ fi ń mọ́lẹ̀, ó sì kọjá òkun. Iṣẹ́ ọnà ni lóòótọ́, mo kan sáárá sí i.

Ṣùgbọ́n lábẹ́ tábìlì kan náà ni àpótí irin kan wà, èyí tí ń sọ iná ògiri di fólítì 13.8 tí rédíò lè lò, irú ti àtijọ́ tí a fi wáyà bàbà wé mọ́ irin nínú. Ọkùnrin yìí yóò pa rédíò, yóò na ara, yóò wọ yàrá lọ, yóò sì gbà pé àpótí náà ti sùn bí òun náà ṣe fẹ́ sùn. Kò sùn o. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti pa súìṣì àpótí náà fúnra rẹ̀, wáyà bàbà yẹn ń fa iná, ó ń sọ ọ́ di ooru. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án ní ìdájí, ẹ óò rí i pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, owó sì ni ooru náà. Iṣẹ́ wo ni ó wá ń ṣe títí ilẹ̀ fi ń mọ́? Aago kan ni ó ń tàn, aago ọ̀hún pàápàá kì í ṣe ti Ọ̀fà: ti Greenwich ni, tí ó fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa.

Irú àpótí bẹ́ẹ̀ lè máa jẹ wáátì 15 lórí ìjókòó. Bí ó bá jẹ ẹ́ yípo ọdún, ó di yúníìtì 131; bí a bá sì ṣírò rẹ̀ ní iye owó 225 náírà fún yúníìtì kan tí wọ́n dá lé àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ó lé ní 29,000 náírà. Ẹ óò ní iná kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bí NEPA bá ti mú iná lọ (orúkọ yẹn ti kú láti 2005, a ti ta àwọn ọmọ rẹ̀ ní 2013, síbẹ̀ òun náà ni a ń bú), ínfátà ni yóò gba oúnjẹ fífún apirọrọ ṣe, bátìrì tí a rà nítorí fáànù òru yóò sì ti gbẹ kí àkùkọ tó kọ. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà. A ń bá àwọn tí ń mú bíìlì wá wọ̀yá ìjà lójúde, ẹni tí ń dá wa wà lábẹ́ tábìlì.

Èyí tí ó pa mí lẹ́rìn-ín jù lọ ni pé púpọ̀ nínú àwọn apirọrọ ilé kì í jẹun lásán, wọ́n ń pariwo. Ṣájà tí kò sí fóònù lẹ́nu rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n tí a fi rìmóòtù pa, ínfátà olówó pọ́ọ́kú: ariwo tí etí ènìyàn kì í gbọ́ ni wọ́n ń tú jáde, rédíò sì ń gbọ́ ọ ketekete, títí yóò fi bo ohùn jẹ́jẹ́ tí ń ti òkèèrè bọ̀ mọ́lẹ̀. Ọkùnrin wa yóò máa fi aládùúgbò sùn, yóò sì tún gbé ẹ́ríà rédíò rẹ̀ sókè sí i. Ọjọ́ tí iná gbogbo àdúgbò bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì dún, tí òun jókòó sórí bátìrì nìkan, ni afẹ́fẹ́ yóò mọ́ gaara, tí Brazil yóò dún bí ẹni pé Ẹ̀rìn-Ilé tó múlé tì wá ni ó wà. Ẹni tí ó ti ń ṣépè fún NEPA láti àárọ̀ yóò wá máa gbàdúrà pé kí wọ́n má tíì mú un dé.

Àwọn òyìnbó ti rí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní 1999 ni àjọ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára lágbàáyé gbé e kalẹ̀ pé kí ohun èlò tí a pa má ṣe jẹ ju wáátì kan lọ, Yúróòpù sì fi òfin dè é fún ọ̀pọ̀ ohun èlò inú ilé ní 2010, wọ́n tún dín in sí ìdajì wáátì ní 2013. Àmọ́ èyí tí wọ́n ti ṣe kí òfin tó dé kò kú, ó di tòkúnbọ̀.

Bí ẹ bá wí fún ọkùnrin náà, yóò ní bí òun bá pa àpótí, rédíò yóò gbàgbé gbogbo ohun tí òun tò sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bátìrì kékeré tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ rédíò wọ̀nyí ni ó ń bá a rántí. Yóò tún ní bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lóru ńkọ́, ta ni yóò jẹ́ ìpè? Rédíò tí ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń han-anrun ní yàrá kejì!

Kí ó pa gbogbo iná ilé lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ó mú àga, kí ó lọ jókòó síwájú mítà. Bí wọ́n bá kọ 1000 sí ara rẹ̀ pé iye ìgbà tí yóò ṣẹ́jú fún yúníìtì kan nìyẹn, tí iná pupa rẹ̀ sì ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́rin-mẹ́rin, wáátì 15 ṣì ń lọ. Kí ó wá máa yọ pulọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi mọ ẹni tí ń jẹ ẹ́, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ tábìlì.